Àìsàn Inú Tó Dá Wa Dúró sí Ìdálẹ̀

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí kí n tó di ará ìdálẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi, Sẹ̀kínátù, rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti ọmọ wa kan ṣoṣo, Mọ́ríyámọ̀, tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ṣì kéré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ọmọdé ni.

Gbogbo ènìyàn ló ti sọ fún mi nípa òtútù, nítorí náà òtútù ò yà mí lẹ́nu. Òjò ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Òjò tiwa á ṣú, á jà, á rọ̀, á sì dá, oòrùn á tún yọ sórí àpáta. Ti ìlú tí a dé yìí, ní àríwá ilẹ̀ wọn, winniwinni ni, kì í bínú, kì í sì í dá. Ohun kejì ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri wa, ó pẹ́ tí a ti mọ ikọ́ rẹ̀ kí a tó mọ ojú rẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Ṣakí, bí o bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á ti béèrè lójú fèrèsé pé ṣé kò sí nǹkan o.

Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ mi ò bá mi ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló gbà mí, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ooru ibẹ̀ sì dà bí ooru oṣù Ẹrẹ́nà nílé. Ó ṣẹlẹ̀ pé ìgbà tí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ara mi ń móoru. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ọ̀tọ̀ là ń kó o sí. Mo ń kó wọn láìrò ó, bí ẹni ń ṣa iṣu tó bàjẹ́ kúrò nínú àká.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la máa ń pe ilé. Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin, Súlè, tó ń dá oko iṣu àti àgbàdo lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Súlè ló máa ń di fóònù mú fún Ìyá, nítorí pé etí ni ó máa ń gbé e sí, bí a tilẹ̀ ń rí ara wa lójú rẹ̀. Etí rẹ̀ la sábà máa ń rí, àti yẹtí wúrà kékeré tó wà níbẹ̀. Á ní, "Bàbá Mọ́ríyámọ̀, ṣé ẹ̀ ń jẹun?" Màá ní a ń jẹun. Á ní, "Ọmọ mi ńkọ́?" Màá ní ó wà níléèwé, ó ti ń sọ èdè wọn bí omi.

Òótọ́ ni mò ń sọ nígbà náà.

Ní ìgbà òtútù kejì ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó máa ń gbé ọwọ́ lé inú, á ní ó ń ta òun. A rò pé ó fẹ́ sá fún iléèwé ni. Lẹ́yìn náà la ṣàkíyèsí pé ó ń pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé ó sì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Aṣọ iléèwé tó yẹ kó ti fún un ló ń tú sílẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ tí òun pẹ̀lú wọn jọ ga dọ́gba nígbà tí a dé ti yọ sókè, òun nìkan ló dúró sójú kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Sẹ̀kínátù pè mí láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn pè mí, mo wọlé, ó nawọ́ sí inú àwo, mo sì rí ẹ̀jẹ̀.

Dókítà àdúgbò ní kí a dúró ná, bóyá kòkòrò inú oúnjẹ ni, á lọ fúnra rẹ̀. Kò lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá, ó sọ pé, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àwọn nǹkan dídùn ilẹ̀ yẹn ló fà á. Màá wá egbò igi tí mo fi tọ́ ẹ̀yin náà. Ẹnì kan ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín láti Ìṣẹ́yìn, á bá mi mú un wá."

Sẹ̀kínátù gbọ́ ohun tí ó sọ. Ó dúró kí n pa fóònù.

"Bàbá Mọ́ríyámọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ yìí ń ṣu. N ò ní da ohun tí n ò mọ̀ sínú tó ti lọ́gbẹ́."

"Ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà."

"Mo mọ̀. Mi ò sọ pé wọn ò tọ́ yín dáadáa."

 Nínú yàrá kejì, ọmọ náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó ní, "Dádì, ẹ má jà. Kò dùn mí púpọ̀ mọ́." Irọ́ ló ń pa, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Mo sọ fún Ìyá pé kó má fi egbò náà ránṣẹ́ mọ́. Nígbẹ̀yìn, dókítà àdúgbò darí wa sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Wọ́n fún un ní oògùn oorun, wọ́n sì fi kámẹ́rà kékeré kan wo inú ìfun rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó ṣófo bí mo ṣe ń dúró dè é, mo wo aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, mo rí àmì ilé ìfọṣọ wa létí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ò ṣeé kó fún mi láìronú mọ́.

Dókítà tó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Orúkọ tí ó pe àìsàn ìfun náà ni Kúróònù (Crohn). Ó rí i lójú wa pé kò yé wa, ó fi bébà sílẹ̀, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa.

"Nínú ìfun gbogbo ènìyàn," ó ní, "àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí wà níbẹ̀, wọn ò lóǹkà. Ọ̀rẹ́ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n sì ń kọ́ ara wa ní ẹni tí ó yẹ kó bá jà àti ẹni tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Nínú ọmọ yín, ètò yẹn ti dàrú. Àwọn tó dára ti dín kù. Ara ń jà, ìfun fúnra rẹ̀ ló sì ń fara gbọgbẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju bí ó ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣakí pé ilẹ̀ kì í ṣe òkú ohun, pé ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan ní olùgbé tó ju èrò ọjà lọ, àti pé bí àwọn yẹn bá kú tán, ajílẹ̀ tó wù kí o kó dà sí i, iṣu ò ní ta dáadáa.

Mo bi í léèrè pé, "Kí ló dà á rú?"

"A ò mọ̀ dájú. Díẹ̀ ń wá láti inú ìdílé, díẹ̀ láti inú oúnjẹ, díẹ̀ láti inú àyíká. Kò sí ohun kan ṣoṣo tí mo lè nàka sí."

"Ká ní a ò kúrò nílé, ní Ṣakí, ńkọ́? Ṣé àìsàn yìí ì bá ṣe é?"

Sẹ̀kínátù fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n mo ti béèrè tán. Dókítà náà yíjú sí mi. "Àìsàn yìí ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín bí ó ṣe wọ́pọ̀ níbí," ó ní. "Àwọn onímọ̀ ń wádìí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nípa ọmọ kan, nípa ọmọ tiyín, kò sí ẹni tó lè sọ. Ẹ má fi ìyẹn pa ara yín."

Mo gbìyànjú láti má ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, nígbà tí òjò bá ń ṣàn lára gíláàsì, ó máa ń padà wá. Nígbà tí a kúrò nílé, a rò pé ènìyàn mẹ́ta ni wá. A ò mọ̀ pé èrò rẹpẹtẹ wà nínú ìfun wa, àwọn tí ẹ̀kọ ògì tí Ìyá mi ń pò, wàrà àwọn Fúlàní, àti omi kànga wa ń bọ́. A kó wọn wá láìbi wọ́n léèrè. A dé ibi tí oúnjẹ wọn ò sí, bóyá wọ́n sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó mọ̀, láìsí ẹni tó kí wa kú aráfẹ́rakù. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lára mi.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi wò ó ya Sẹ̀kínátù lẹ́nu ju mi lọ. Oúnjẹ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò gbọdọ̀ fi eyín kan ohunkóhun. Ohun mímu kan tó dà bíi mílíìkì ni yóò máa mu, láti àárọ̀ dé alẹ́, òun àti omi. Wọ́n ní yóò jẹ́ kí ìfun sinmi, kí àwọn olùgbé inú rẹ̀ yí padà, kí ọgbẹ́ náà sì ráyè jinná. Wọ́n ní fún ọmọdé, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kì í sì í dí ìdàgbà rẹ̀ lọ́wọ́ bí oògùn míì ti lè ṣe.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó mu ún. Ọjọ́ kejì ó mu díẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ nìkan fi ń mú un bì. Nọ́ọ̀sì ló ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò imú rẹ̀ dé inú, ó sì kọ́ èmi àti ìyá rẹ̀ bí a ó ṣe máa da ohun mímu náà sí i. Ó lẹ rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe lọ sí iléèwé nìyẹn. Nígbà tí ó dé, mo bi í pé kí ni àwọn ọmọ sọ. Ó ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí."

Ilé wa ò gbóòórùn oúnjẹ mọ́. Sẹ̀kínátù ń jẹun níbi iṣẹ́, èmi náà ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró ní ilé ìfọṣọ. Ata, irú, ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ la kó sí ẹ̀yìn fíríìjì. Ibẹ̀ la wà tí oṣù ààwẹ̀ fi bá wa. Ní àkókò ìṣínu, a máa ń sá wọ kíṣíìnì, a ó ti ìlẹ̀kùn, a ó mu omi, a ó jẹ dàbínù. Ọjọ́ kan ni mo ṣí ìlẹ̀kùn, mo bá a níbẹ̀ tó jókòó sílẹ̀, tó ti ẹ̀yìn mọ́ ògiri, pẹ̀lú rọ́bà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Dádì, ààwẹ̀ tèmi, ìgbà wo ni ìṣínu rẹ̀?"

Mo jókòó tì í. Mo ní kò ní pẹ́ mọ́. Sẹ̀kínátù yí padà sí ibi tí a ti ń fọ abọ́, ó ṣí omi, kò sì fọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù yẹn, Súlè pè mí fúnra rẹ̀, níbi tí Ìyá ò ti lè gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá Ìyá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ fún wọn pé ọmọ ò gbọdọ̀ jẹun, ẹ̀kọ mímu nìkan ni wọ́n ń mu. Sààrì, ẹ̀kọ. Ìṣínu, ẹ̀kọ. A gún iyán, wọ́n ní ká gbé e fún aládùúgbò. Wọ́n ti rù."

Mo pe Ìyá. Mo fi ohùn líle bá a sọ̀rọ̀, ohùn tí n ò fi bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ṣé mo yọ yín lẹ́nu ni? Inú mi ni mo ń fi ẹ̀kọ sí."

Mọ́ríyámọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Màá jẹ, ọmọ mi. Tí ìwọ bá jẹ, màá jẹ."

"Dókítà ò ní kí ẹ̀yin má jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ò mọ̀ mí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo kúrò nínú yàrá.

Ohun mímu náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì náà pàtẹ́wọ́, Sẹ̀kínátù sì dì mọ́ nọ́ọ̀sì náà bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni. Wọ́n yọ rọ́bà. Wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tó rọ̀, láìsí ata. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òdì kejì ìlú, ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, mo ra kékeré kan, mo sè é títí ó fi rọ̀ bí òwú. Mo gbé fóònù ró sórí tábìlì kí Ìyá lè máa wò. Mọ́ríyámọ̀ bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó sì di ojú. Kò gbé e mì títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó gbóná."

 Súlè ló gba fóònù, ó ní, "Ìyá ti ní kí a gún iyán."

Bí ìtàn bá lè dúró níbi tí ènìyàn fẹ́, ibẹ̀ ni ǹ bá dá tèmi dúró sí.

Kí ọdún tó yípo, ẹ̀jẹ̀ padà. A tún bẹ̀rẹ̀ ohun mímu náà, kò ràn án tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Dókítà ní ó di dandan kí a lo oògùn tó le, èyí tí wọ́n ń fà sí i lára nílé ìwòsàn láti inú àpò omi, lóòrèkóòrè, láìgbọdọ̀ fo ìgbà kan. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ ní ọdọọdún." Ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé yóò pẹ́.

Èmi ni mò ń mú un lọ, nítorí pé ìyá rẹ̀ ò lè máa tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ nígbà gbogbo. A ó jókòó sínú yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Àwọn ọmọ míì wà níbẹ̀, òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú okùn omi lọ́wọ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn kí mi lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kí i, ó sì fi àga sílẹ̀ fún mi ní ìgbà tó tẹ̀ lé e. Òun ni aládùúgbò àkọ́kọ́ tí mo ní ní ìlú yẹn, yàrá àìsàn la sì ti di aládùúgbò ara wa.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, èrò wa ni pé a ó padà sílé nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé girama. Sẹ̀kínátù kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Èmi ló kọ́kọ́ wádìí. Mo pe Súlè pé kó bá mi béèrè bóyá a lè rí oògùn náà nílé. Ó béèrè ní Ṣakí, ó lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó tún bá iṣu tó fẹ́ tà dé Ìbàdàn kó lè béèrè níbẹ̀. Ó pè mí láti gáréèjì, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní a lè bá yín wá a, àmọ́ kò dájú pé a ó máa rí i ní gbogbo ìgbà. Inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa wà, kò sì gbọdọ̀ gbóná lọ́nà." Ó dúró. "Ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa."

Mo ní mo mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo ń ká aṣọ funfun títí iṣẹ́ fi parí.

Ó ku kí n sọ fún Ìyá. Mo ń sún un síwájú láti Jímọ̀ kan dé òmíràn. Nígbà tí mo sì sọ ọ́, mo kàn sọ ọ́ ni: pé ìtọ́jú Mọ́ríyámọ̀ ò ṣeé gbé kúrò níbi tí ó wà, pé a lè máa wá kí i nígbà tí ààyè bá wà láàárín oògùn kan sí èkejì, ṣùgbọ́n a ò ní lè padà wá gbé, bóyá ní ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá títí.

Etí rẹ̀ ni mò ń wò lójú fóònù. Kò mira.

Ó bi mí pé, "Ṣé ó ń dàgbà?"

"Ó ń dàgbà, Ìyá. Ó ti dé èjìká ìyá rẹ̀."

"Ṣé inú ń ta á?"

"Kò ta á mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá."

"Alhamdulilaahi." Mo gbọ́ tí àgùntàn ké lẹ́yìn ilé. "Yàrá yín tó wà lápá ọ̀tún yìí, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń gbá a. Màá sọ fún Súlè kó máa kó àgbàdo sí i. Kò dáa kí yàrá ṣófo, eku á gbà á."

 Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó kó o sí i, Ìyá."

Lẹ́yìn ìkórè, Mọ́ríyámọ̀ ní òun fẹ́ rí yàrá wa. Súlè gbé fóònù wọbẹ̀. Wọ́n ti yọ ibùsùn kúrò. Àgbàdo ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń ráyè wọlé lókè rẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, "Ó mà pọ̀ o, Ìyá àgbà."

"Ó pọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá wí lẹ́yìn, níbi tí a ò ti rí i. "Òjò dára lọ́dún yìí."